Ọmọ Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ

Iṣu ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. Sàlímọ́tù kírun àsùbáà tán, ó ní kí òun wá ohun tí àwọn yóò fi panu, ló bá rí abọ́ méjì lójú fèrèsé. Iṣu tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ bíi ṣúgà onígun ló wà nínú méjèèjì, omi sì bò ó. Ó ti ìka bọ abọ́ kìíní, ó tọ́ ọ lá. Iyọ̀. Ó tọ́ ìkejì lá. Omi lásán.

"Wàsílátù."

"Màmá." Ìyàwó ọmọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá, ìwé lábíyá, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Ta ló da iyọ̀ sí iṣu tútù? Iṣu yìí tó oúnjẹ alẹ́ fún ọkọ ẹ."

"Èmi ni, Màmá, ẹ má bínú. Ìdánwò òní ni mo ń tìtorí ẹ̀ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò."

Sàlímọ́tù kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti débẹ̀ kí ó tó mọ̀. Ọwọ́ aláró ni; láti kékeré ní Òṣogbo ló ti ń fi í wádìí nǹkan. Èyí tó wà nínú omi iyọ̀ ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ bí etí ewúrẹ́. Èyí tó wà nínú omi lásán le gan-an, ó tilẹ̀ dà bíi pé ó sanra sí i.

"Yàrá kéékèèké ni Ọlọ́run fi kọ́ iṣu yìí, Màmá," ni Wàsílátù wí. "Ojú lásán ò lè rí i. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ́ ara èmi àti ẹ̀yin. Omi ló kún inú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí iyọ̀ bá wá pọ̀ lóde ju tinú lọ, á fa omi inú yàrá jáde, yàrá náà á sì rún."

"Ẹni tó bá ti fi iyọ̀ ra ìgbín rí mọ ìyẹn. A kì í torí ẹ̀ fi iṣu ṣòfò."

Wàsílátù rẹ́rìn-ín. Sàlímọ́tù náà rẹ́rìn-ín, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má bàa hàn. Ó di oṣù mẹ́ta tí ó ti wá sí Lugbe wá bá wọn gbé ọmọ, òun ló sì máa ń gbé e sẹ́sẹ̀ bí ìyàwó bá ń kàwé sókè lọ́sàn-án. Bí Wàsílátù bá ń ka àwọn ohun tó para pọ̀ di ara èèyàn, omi, iyọ̀, ṣúgà, ọ̀rá, Sàlímọ́tù á fi tirẹ̀ kún un pé, "Àti ata." Wọn a jọ rẹ́rìn-ín. Ìwé yìí ni Wàsílátù fẹ́ fi wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ jòjòló ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìdánwò dé, kò lè ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, ní oṣù kọkànlá ọdún 1987, aago mẹ́wàá ni wọ́n dá fún wọn ní ilé ìwé kan ní Gàríkì.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Tájù ti ké. Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá ni. Àtàndá, oríkì rẹ̀, ni ìyá àgbà rẹ̀ ń pè é. Wọ́n bá a lórí ẹní, ó ti ṣu, omi funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Wọ́n nù ún. Kí wọ́n tó ju aṣọ náà sínú báàfù, ó ti ṣu òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bì.

Jàbárù bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ọkọ̀ típà ti wá kó òun àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lójú títì, ó ń gbé wọn lọ sí Life Camp. Páìpù omi ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń rì í mọ́lẹ̀, tó ń so ó pọ̀, tó ń gbé e wọ ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ àwọn ilé tuntun tí ẹnì kan kò tíì máa gbé. Nínú agboolé tí òun fúnra rẹ̀ gba yàrá méjì sí, kànga kan ló wà, ṣáláńgá tí onílé gbẹ́ kò sì jìnnà sí i tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Tájù nawọ́ sí ife omi. Sàlímọ́tù gbé ife náà kúrò.

"Má fún un lómi."

"Màmá..."

"Ohun tí a bá dà sí i lẹ́nu ló ń gba ìdí jáde. Jẹ́ kí inú ẹ̀ gbẹ, á dúró."

"Omi ara ẹ̀ gan-an ló ń jáde yẹn, Màmá, omi àti iyọ̀. Bí a ò bá dá a padà, gbogbo àwọn yàrá yẹn á gbẹ mọ́ ọn lára. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún wa. Rédíò náà ń sọ ọ́ lójoojúmọ́."

"Rédíò ti bímọ mélòó? Ọmọ mẹ́fà ni mo bí."

"Mo mọ̀, Màmá."

Wàsílátù kò béèrè pé mélòó ló kù nínú mẹ́fà. Sàlímọ́tù náà kò sọ.

Wàsílátù dìde, ó tan sítóòfù, ó se omi títí ó fi hó yaya, ó dúró kí ó tutù. Ó wọn ún, ìgò mínírà méjì, ó dà á sínú jọ́ọ̀gì. Ó bu ṣúgà sí i, ṣíbí ìpotíì mẹ́wàá, ó ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè tẹ́jú. Ó bu iyọ̀, ṣíbí kan péré, òun náà tẹ́jú. Ó rò ó pọ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ, Màmá. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó ṣe iṣu yẹn ló máa ṣe é."

Ó wá jókòó sórí ẹní, ó gbé ọmọ lé itan, ó ti ìwé sí abẹ́ ìrọ̀rí. "Mi ò lọ mọ́."

Sàlímọ́tù wo ìwé tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí náà. Ó ti mọ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ó mọ ojú ewé tí epo ta sí àti èyí tí Àtàndá ya.

"Dìde, lọ wọṣọ."

"Màmá, ọmọ mi..."

"Ọmọ tìẹ nìkan ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. O pàdánù ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Bí o bá tún pàdánù ẹ̀ lónìí, inú àwọn kan máa dùn. Má jẹ́ kí inú wọn dùn."

Wàsílátù wọṣọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣíbí kan, ṣíbí kan, díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì, kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tọ̀ títí di alásàárì, kí wọ́n wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n má dúró de òun.

"Ẹ ó máa fún un, Màmá?"

"Máa lọ. Ọkọ̀ á kún."

Wàsílátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Síbẹ̀, ó lọ.

Sàlímọ́tù fi àwo bo jọ́ọ̀gì. Ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Kò fún un ní nǹkan kan.

Kò pẹ́ tí Ìyá Fèyí yà wọlé. Ará Kábà ni, yàrá rẹ̀ ló fara ti tiwọn, Fèyí ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo báàfù tí aṣọ kún inú rẹ̀, ó wo ọmọ.

"Ìyá Jàbárù, ẹ kú ìtọ́jú. Ìyá Tájù ńkọ́?"

"Ó lọ ṣe ìdánwò."

"Ọmọ ń ṣu báyìí, ó lọ kọ̀wé?"

Sàlímọ́tù fẹ́ ọmọ lọ, fẹ́ ọmọ bọ̀. Kó sọ òtítọ́, ohun kan náà ti wá sí òun lọ́kàn nígbà tí ẹsẹ̀ ìyàwó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n kò ní gbà kí ẹlòmíràn ti ibẹ̀ bú ìyàwó òun.

"Èmi ni mo lé e lọ," ó wí.

Ìyá Fèyí jókòó. Ó ní wọ́n gbé ọmọ Àyàndá mẹkáníìkì, tí ilé wọn wà lẹ́yìn mọ́sálásí, lọ sí ilé ìwòsàn lánàá, aṣọ ọmọ nìkan ni bàbá rẹ̀ gbé ti ibẹ̀ bọ̀. Èkejì rèé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Omi kànga wa yìí ti lọ́tàá. A sọ fún onílé pé kí ó wá ibòmíràn gbẹ́ ṣáláńgá, ó ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ máa gbé ilé ìjọba." Ó gbójú sókè. "Ilé ìjọba tó ní páìpù lójú mẹ́ta."

Jàbárù ni àwọn méjèèjì ń rò, kò sì sí ẹni tó dá orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Fèyí padà sí yàrá rẹ̀, oòrùn ti mú. Tájù ń ké, ṣùgbọ́n omijé kò jáde. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó ń fi ahọ́n lá ètè, ahọ́n náà sì gbẹ bí awẹ́ obì tí a gbàgbé sórí àjà. Ọwọ́ rẹ̀ kékeré ń wá nǹkan kiri títí ó fi bá etí ìró ìyá àgbà rẹ̀, èyí tó rin nígbà tó ń fọ aṣọ. Ó fà á sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi inú rẹ̀ mu.

Sàlímọ́tù dá abẹ̀bẹ̀ dúró.

Àyọ̀ká, ọmọ rẹ̀ tó ti kú, ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Etí aṣọ tó rin fún aró ló mú, wọ́n sì yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí gbogbo ilé ló ní kí inú rẹ̀ gbẹ. Inú rẹ̀ gbẹ lóòótọ́.

Ó ṣí jọ́ọ̀gì. Ó bu ṣíbí kan.

Ọmọ gbà á bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á padà. Ó tún bu òmíràn. Lẹ́yìn ṣíbí mẹ́jọ, ó bì í gbogbo. Sàlímọ́tù nù ún, ó jókòó, ó ka tẹ̀sùbáà títí ó fi yí i po, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣíbí kan. Ṣíbí kan. Èyí dúró. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń dún gọ́ọ́gọ́ọ́. Bí ó ti ń gba okun díẹ̀, ó ta ẹsẹ̀ láti dìde, ẹsẹ̀ náà bá jọ́ọ̀gì, jọ́ọ̀gì dojú dé, omi ṣàn lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Sàlímọ́tù wo omi náà títí ilẹ̀ fi mu ún. Ohun tó kù nínú jọ́ọ̀gì kò tó ṣíbí márùn-ún.

Omi tó wà nínú ìkòkò, ti kànga ni. Kẹrosíìnì ti tán nínú sítóòfù. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó bọ́ síta, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Yàhàyá tó ń fi ọmọláńkẹ́ ta omi ló ń bọ̀, garawa méjìlá lórí rẹ̀, omi ẹ̀rọ tó pọn nítòsí títì.

"Sànnu, Màmá."

"Yauwa. Yàhàyá, mo fẹ́ garawa kan."

"Kai, Màmá, gbogbo èyí ti ní olówó. Ilé oúnjẹ ló sanwó ẹ̀." Ó ti ń kọjá lọ, ló bá rí ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn Sàlímọ́tù. Ó dúró. Ó sọ garawa kan kalẹ̀, ó gbé e wọlé fún un fúnra rẹ̀, kò sì dúró gba ọpẹ́.

Ìdí àrò Ìyá Fèyí ni wọ́n ti se omi náà, igi ni wọ́n sì fi dá iná. Nígbà tí ó tutù, Sàlímọ́tù wọn ún pẹ̀lú ìgò mínírà bí ó ti rí i tí Wàsílátù ṣe. Ó ka ṣúgà mẹ́wàá sókè ketekete. Ó mú ṣíbí lọ sínú iyọ̀.

"Ẹ bu méjì sí i," ni Ìyá Fèyí wí. "Ẹ jẹ́ kí ó mú dáadáa, iyọ̀ ló ń lekoko mọ́ ìgbẹ́. Bó bá sì jẹ́ tèmi ni, kí ẹ jáwọ́ nínú omi yìí. Mo ní kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò kan nílé, ká tú u sí i lẹ́nu, ká jẹ́ kí inú ẹ̀ gbẹ."

Òótọ́ ni pé kò dá Sàlímọ́tù lójú. Ṣé ọ̀kan ni, àbí méjì? Láàárọ̀, ìbínú kò jẹ́ kí ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó lọ gbé abọ́ iṣu méjèèjì wá láti ojú fèrèsé.

"Tẹ èyí wò."

Ìyá Fèyí tẹ̀ ẹ́.

"Tẹ èkejì náà wò. Iyọ̀ ló sọ èyí di báyìí láàárín òru kan. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú omi yìí, ara ọmọ ni yóò ti fa omi jáde. Ọ̀kan ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyàwó mi."

"Nígbà wo ni ìgbẹ́ á wá dá, tí ẹ bá ń da omi sí i?"

"Ọlọ́gbọ́n kan ò ta kókó omi sétí aṣọ. Kò sí bí a ṣe lè dè é mọ́ ọn nínú. Ohun tó bá ti jáde, ká máa dá a padà ni."

Ó bu iyọ̀ ẹyọ kan, ó gé orí rẹ̀, ó rò ó. Ó tọ́ ọ wò. Ahọ́n aláró mọ omi eérú aró tó kan, ó mọ èyí tí kò tíì kan; ṣùgbọ́n omijé ni wọ́n ní kí ó fi wọn èyí, ó sì ti pẹ́ tó ti tọ́ ọ lá. Ó jókòó sórí àpótí nídìí àrò, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo iná. Kò wá a jìnnà. Nígbà tí omijé náà dé, ó fi ahọ́n gbà á létè, ó sì tún tọ́ ti inú jọ́ọ̀gì wò. Kò jù ú lọ.

Ìyá Fèyí ń wò ó.

"Èéfín ni," Sàlímọ́tù wí.

Ìyá Fèyí fa igi kan kúrò nínú iná bí ẹni pé òótọ́ ni.

Láti ìrun àìlà ni ó ti ń bu ṣíbí. Ọmọ tún ṣu lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bì lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n èyí tó ń wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ. Ẹ̀yìn ro ìyá àgbà, kò dìde. Ó ń sọ oríkì fún un nígbà tí ó bá fẹ́ gbé orí dà nù, ó ń bá a ṣàwàdà pé ọkùnrin kì í sá fún ṣíbí. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun alásàárì, ó rí i pé itan òun móoru. Ó gbé ọmọ sókè. Ìtọ̀ ni, kò pọ̀, ó pọ́n bí omi èpo igi, ó sì ti rin ìró rẹ̀ já.

"Àtàndá," ó wí, "o ṣeun."

Kò pààrọ̀ ìró náà. Ó fẹ́ kí ìyá ọmọ fojú rí i.

Wàsílátù kò wọlé, ó já wọlé ni, bàtà lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ ṣí ìpéǹpéjú ọmọ wò, ó fi ìka fa awọ ikùn rẹ̀, ó wo bí ó ṣe padà síbi tó wà. Sàlímọ́tù fi etí ìró rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Wàsílátù gbóòórùn rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún ìyá ọkọ rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Sàlímọ́tù jẹ́ kí ó sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Kí ni wọ́n gbé síwájú yín?"

"Àlùbọ́sà, Màmá. Wọ́n ní ká bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ẹ̀, ká fi sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ká ya ohun tí a bá rí."

"O rí i?"

"N ò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo kán aró díẹ̀ sí i ló tó hàn. Yàrá, yàrá, yàrá, wọ́n fara ti ara wọn, olórí ilé wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ohun tí kò bá mu aró, ojú ò ní rí i dáadáa," ni Sàlímọ́tù wí, bí ẹni tó ti mọ̀ tipẹ́. Inú rẹ̀ dùn, kò sì fi pamọ́ mọ́.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí Jàbárù dé, kẹ́ẹ̀gì omi kan lọ́wọ́ ọ̀tún, kan lọ́wọ́ òsì, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó gbé ọmọ, ó wò ó títí, ó gbé e padà fún ìyá rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

"Omi dáadáa nìyí," ó wí fún Sàlímọ́tù. "Wọ́n dán páìpù wò lónìí. Láti àárọ̀ la ti ṣí i sílẹ̀, ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà."

"Láti àárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ta ni yóò máa mu ún?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kó wọ ibẹ̀."

Sàlímọ́tù wo kẹ́ẹ̀gì méjèèjì. Jàbárù náà wò wọ́n. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò tú bàtà rẹ̀, wọ́n sì gbé oúnjẹ fún un, ó pẹ́ kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Nínú yàrá, Tájù ti sùn, oorun gidi. Wàsílátù ń ká aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sàlímọ́tù jókòó tì í, ó ń fi àtàǹpàkò ha èékánná rẹ̀ tí aró kò kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

"Ìyàwó mi. Àwọn yàrá inú ara yẹn. Bí wọn ò bá fún ọmọ kan lómi..."

Wàsílátù dá ọwọ́ dúró. Ó mọ ìdáhùn. Ó wà nínú ìwé, ó ti kà á sókè lójú ìyá yìí lọ́pọ̀ ìgbà.

"Màmá," ó wí, "kò sẹ́ni tó tíì sọ fún yín nígbà yẹn."

"Àyọ̀ká béèrè. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ó pe omi lórúkọ."

Wàsílátù kó aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú ọwọ́ náà sínú méjèèjì tirẹ̀, Sàlímọ́tù kò sì gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ẹnì kan fi kan ògiri láti yàrá kejì, rọra, bí ẹni tí ojú ń tì.

"Ìyá Jàbárù, ẹ jọ̀ọ́." Ìyá Fèyí ni. "Fèyí ti ṣu lẹ́ẹ̀mẹta."

Sàlímọ́tù ti dìde kí Wàsílátù tó wá bàtà. Ó ní kí Jàbárù gbé kẹ́ẹ̀gì kan tẹ̀ lé òun. Ó mú ṣíbí, ó mú ọ̀bẹ, ó sì ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà lọ pé, "Má tíì bu iyọ̀ o. Dúró dè mí, mò ń bọ̀."